Ṣé Gbogbo Ohun Tí A Bá Nílẹ̀ Ni Àyànmọ́?

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń bi ara wọn léèrè pé, nínú gbogbo ohun tí ó ń dé bá ọmọ ènìyàn láti ọjọ́ ìkómọ títí di ọjọ́ ìsìnkú, èwo ni ó gbà láti ọ̀run wá, èwo ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, èwo sì ni ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ṣe é sílẹ̀, tí òun kàn bá a níbẹ̀, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò sì béèrè ìdí rẹ̀, títí ó fi di bárakú tí òun gan-an wá ń pè ní ìpín. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti babaláwo nìkan, nítorí pé bí Mùsùlùmí ti ń sọ̀rọ̀ kádàrá ni Kìrìsìtẹ́nì ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ Ọlọ́run, ẹni tí kò sì ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì pàápàá kì í pẹ́ kí ó tó mí kanlẹ̀ kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Mo fẹ́ gbé ìbéèrè àtayébáyé náà lé orí ohun èlò kékeré kan tí ọ̀làjú gbé dé àárín wa, èyíinì ni ráútà, àpótí pẹlẹbẹ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, fún kámẹ́rà àti fún fóònù. Mo sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ ní Ìdèrè, nítorí pé ìlú náà ní ẹ̀rí kan lórí ọ̀rọ̀ àyànmọ́ tí ìlú púpọ̀ kò ní.

Ìdèrè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a ń kì pọ̀ ní Ìbàràpá Méje, òun àti Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Àgbẹ̀ paraku ni àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí ni ọwọ́ wọn mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ayé ti ń yí ni iṣẹ́ ń yí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó wá ra gàrí lọ́jà lè fi káàdì sanwó, ọmọ tí ó ń retí èsì ìdánwò sì lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kí wọ́n wá a jáde fún un, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ó sì mú un lọ sílé lọ fi han baba rẹ̀. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni ráútà jókòó sí, tí ẹnikẹ́ni kì í wo ojú rẹ̀ àfi ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dúró.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ oníbodè ayé àtijọ́, ẹni tí í jókòó sí ẹnu odi ìlú, tí ó mọ ará ilé, tí ó mọ àlejò, tí ẹrù kan kò sì lè wọlé tàbí kí ó jáde láìjẹ́ pé ó fi ojú kàn án. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni ó gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì kékeré ń là láàárín, kí ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i má baà ṣìnà. Iye irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ tí ó lè wà ní gbogbo ayé kò ju 4,294,967,296 lọ, èyí tí kò tó iye orí ènìyàn tí ń mí lókè eèpẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀rọ. Ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 2011 sì ni àwọn tí ń ṣọ́ àká àgbáyé pín ìdì tí ó kù nínú rẹ̀ tán fún àwọn ẹkùn márùn-ún ayé, tí olùtọ́jú ti ilẹ̀ Áfíríkà ń jẹ́ AFRINIC, tí ó fi Mauritius ṣe ibùjókòó. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti rí ọjọ́ yìí lókèèrè. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ya ìran àdírẹ́sì mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, èyí tí ó fi 10 bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó wà láti 172.16 dé 172.31, àti èyí tí ó fi 192.168 bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù máa lò wọ́n nínú ilé rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má ṣáà ti jáde sí títì gbangba. Ìdí nìyí tí ráútà kan ní Ìdèrè àti òmíràn ní Tókíyò fi lè máa jẹ́ 192.168.1.1 lọ́jọ́ kan náà tí ìjà kò fi ní í ṣẹlẹ̀. Orúkọ abẹ́lé ni fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ní láti jáde, oníbodè ni yóò fi orúkọ tirẹ̀ wọ̀ ọ́, tí yóò sì rántí ẹni tí ó rán an, kí èsì má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ráútà tuntun bá ti inú páálí jáde, kì í dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á ní òfìfo. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti sọ ọ́ lórúkọ, ti fún un ní àdírẹ́sì, ti dá iye ẹ̀rọ tí ó lè gbà sílé fún un, ti sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan sí i, èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú èyí tí ó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni wọ́n fi sí gbogbo wọn, tí ẹni tí ó ra ìkejì rẹ̀ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti mọ̀ ọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwa náà a sì gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ki wáyà bọ̀ ọ́ nídìí, iná rẹ̀ tàn, íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó parí. Bí ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ bá wọlé tí ó kúnlẹ̀ kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù, tí ó sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló yan ọ̀rọ̀ aṣínà yìí fún yín?” èsì tí yóò gbà kò ju pé, “Bí a ṣe bá a nìyẹn, ọmọ mi. Ṣé èmi ni mo ṣe é ni?” Inú èsì kúkúrú yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fara pamọ́ sí, nítorí pé ohùn kan náà ni a fi ń sọ̀rọ̀ àìsàn, ohùn kan náà ni a fi ń sọ̀rọ̀ òṣì àti ìjọba búburú, òun náà ni a sì fi ń sọ̀rọ̀ ìwà ti àwa tìkára wa. Ohun tí a bá nílẹ̀ á di ohun tí a kò fọwọ́ kàn. Ohun tí a kò fọwọ́ kàn á di àṣà. Nígbà tí ó bá sì pẹ́ tó, a ó gbé e kọ́ Olódùmarè lọ́rùn, Ọba atẹ́rẹrẹ káyé, ẹni tí kò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ ìpín ṣe igi kan ṣoṣo tí kò lẹ́ka. Nínú ìwé tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ lórí Olódùmarè, èyí tí ó jáde ní ọdún 1962, ó to ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín ń gbà di ti ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ẹ̀dá kúnlẹ̀ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ tí a gbé lé e lọ́wọ́, àti àyànmọ́, èyí tí a yàn tí a sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀dá á wá dé ọ̀dọ̀ Oníbodè, tí yóò ka ohun tí ó ń lọ ṣe láyé, tí a ó fi èdìdì dì í, kí ó tó kọjá síhìn-ín.

Ẹni tí ó bá ṣí ojú-ewé tí a fi ń ṣàkóso ráútà yóò rí ohun mẹ́ta tí ó jọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ lásán ni, tí kò ní orí inú tí yóò bọ. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì tí a fi ọwọ́ ara wa kọ sínú ẹ̀rọ kan, tí a ní òun ni yóò máa jẹ́. Èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ ń gbà lẹ́nu ibodè nípa ètò tí a ń pè ní DHCP, tí òfin rẹ̀ tí a ń tẹ̀lé títí dòní jáde ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1997: fóònù á wọlé, á ké pé ta ni yóò fún òun ní àyè, ráútà á na ọ̀kan sí i, fóònù á ní òun gbà á, ráútà á fi àṣẹ sí i. Ṣùgbọ́n yíyá ni, kì í ṣe fífún. Nígbà tí àsìkò tí a dá fún un bá ń pé lọ, ì báà ṣe wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tún un tọrọ. Ẹ̀kẹta ni àyè tí ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù so mọ́ ẹ̀rọ kan pàtó, tí ráútà ń fi nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ ti tẹ̀ sí ẹ̀rọ náà lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é dá a mọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìgbàkúùgbà tí ó bá dé, àyè tirẹ̀ nìkan ni a ó fi hàn án. Nínú gbogbo èyí, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ nìkan ni ó ti ilé-iṣẹ́ bá a wá. Ìyókù pátá, ọwọ́ onílé ni ó wà. Ohun tí ó le kò tó nǹkan, ohun tí ó ṣeé tẹ̀ ni ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣí ojú-ewé náà wò rí kò lè mọ èyí tí ó le yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣeé tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó sì máa pè ní àyànmọ́.

Ẹ wo ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́ láàárọ̀, iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀rọ jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì rọ́ wá sẹ́nu ibodè láti gba àyè. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ráútà kọ́kọ́ fún ní àyè. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ́ sí àyè tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń wá a lọ sí àyè àná. Oníbàárà dúró, ìwé kò jáde. Ẹnìkan á ní ẹ̀rọ náà kò lórí ire, ẹnìkejì á ní ọwọ́ ayé ni, ẹnìkẹta á ní kí wọ́n tà á dànù kí wọ́n ra òmíràn. Wọ́n á tún un tò, á ṣiṣẹ́. Iná á tún lọ, á tún yarí. Bí ó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, gbogbo ilé á ti gbà pé bí tirẹ̀ ti rí nìyẹn, wọ́n á sì máa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kí a so àyè kan mọ́ ọn, kí a ní 192.168.1.50 ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí a sì ní kí àwọn fóònù máa gba tiwọn láti 100 lọ sókè, ọ̀rọ̀ náà á parí kí omi tó hó lórí iná. Àdúrà kò burú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún Ọlọ́run pé kí ó wá bá wa kọ nọ́ńbà sínú ráútà.

Mo mọ̀ pé àgbàlagbà kan yóò gbé ohùn sókè níhìn-ín pé àyànmọ́ kò gbóògùn, pé orí burúkú kò gbọṣẹ. Òwe àwọn baba wa ni, n kò sì jẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi Ifá léèrè, nítorí pé Ọ̀rúnmìlà, ọkùnrin kúkúrú òkè Ìgẹ̀tí, ni ẹlẹ́rìí ìpín, kò sì sí ẹjọ́ ìpín tí a lè dá lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìtàn tí Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú àwọn ìwé rẹ̀, Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń lọ sí ilé Àjàlá, alámọ̀ tí í mọ orí, kí wọ́n lè mú orí wá sáyé. Àwọn méjì kò ní sùúrù láti wádìí. Wọ́n rí orí tí ó dán lójú, wọ́n gbé e, òjò sì pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì bàjẹ́ mọ́ wọn lórí. Afùwàpẹ́ ni ó yà kí baba rẹ̀, tí ó gbọ́ ìkìlọ̀ Ifá, tí ó rú ẹbọ, tí ó fún oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀ ní iyọ̀, tí ó san gbèsè tí Àjàlá jẹ, títí Àjàlá fi bá a yan orí tí òjò kò lè bà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ní ìsálú ọ̀run gan-an, níbi tí wọ́n ti ń pín ìpín, ìwádìí, sùúrù àti ìwà ni ó ya ọmọ kan sọ́tọ̀ lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó dé ayé tí kò béèrè nǹkan kan? Ifá tún sọ nípa ọjọ́ tí àwọn Orí pé jọ tí wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i, tí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò sì ṣeé ṣe. Nítorí náà, bí àyànmọ́ kò bá tilẹ̀ gbóògùn, kò sí ibi tí a ti sọ pé kò gba ìbéèrè. Ẹni tí ó pe nǹkan ní àyànmọ́ kí ó tó wádìí rẹ̀ kò tí ì fi ìgbàgbọ́ hàn. Ọ̀lẹ ni ó fi hàn, ó sì wọ aṣọ ìgbàgbọ́ fún un.

Bí ẹnìkan bá sì ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kéré jù láti fi wọn ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí tí mo sọ pé Ìdèrè ní. Àkókò kan wà, tí kò tí ì pẹ́ rárá, tí sòbìà fi ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ ṣe ilé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tán, tí odò fà, tí ó ku adágún tí tọmọdé tàgbà ń pọn mu, aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lè gùn tó mítà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹsẹ̀ ènìyàn yọ jáde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora tí ẹnu kò lè sọ. Àgbẹ̀ á jókòó sílé nígbà tí oko ń pè é, ọmọ á pa ilé-ìwé tì. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé kò sí ẹni tí kò ní í nínú, pé a bí i mọ́ ènìyàn bí a ti bí iṣan mọ́ ọn ni, ọjọ́ tí ó bá wù ú ni yóò jáde. Àwọn mìíràn sì ń wo ọwọ́ Ṣọ̀pọ̀nnọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì fẹ́ dárúkọ Ọba Olóde nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ta ni yóò sì bá ohun tí a bí mọ́ ọn jà?

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí William Brieger wà lára wọn, ń wá sí Ìdèrè, wọ́n ń jókòó ti àwọn ará ìlú láti gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa sòbìà, wọ́n sì ń ṣàlàyé ohun tí ìwádìí fi hàn: pé kòkòrò inú omi, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi ń fo ó dá, ni ó ń gbé ọmọ aràn náà, pé ẹni tí ó bá mu ún lọ́dún yìí ni yóò rí i lẹ́sẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, àti pé bí ẹni tí aràn ń jáde lára rẹ̀ bá ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó ti dá ọmọ aràn padà sínú adágún fún ẹlòmíràn láti mu nìyẹn. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní olónìí, kò sì sí oògùn tí í pa á. Asẹ́ ni ó wà: aṣọ ọ̀rá tí ihò rẹ̀ wẹ́, tí a ń ta bo ẹnu ìkòkò láti fi sẹ́ omi, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí a yàn láàárín àwọn ará Ìdèrè fúnra wọn lọ́wọ́ nínú ṣíṣe rẹ̀, títà rẹ̀ àti pípolówó rẹ̀. Ní gbogbo Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n wá ka àwọn tí àrùn náà mú ní ìparí àwọn ọdún 1980 yẹn, wọ́n lé ní 650,000. Oṣù Bélú ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí a bá bí ní Ìdèrè lónìí kò ní mọ sòbìà àfi lẹ́nu àwọn àgbà, nígbà tí wọ́n bá ń pòwe pé sòbìà tí yóò di egbò, olúgáńbe là á ké sí.

Níbo wá ni àyànmọ́ náà gbà lọ? Bí ó bá jẹ́ pé a bí sòbìà mọ́ wọn, ìgbà wo ni wọ́n tún àwọn ará Ìdèrè bí? Olódùmarè kò pe ẹnikẹ́ni padà sí ọ̀run láti wá yan orí mìíràn láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n yẹ ẹnu ọ̀nà tí ibi ń gbà wọlé wò, wọ́n sì dí i, ohun tí a bí mọ́ wọn sì pòórá.

Síbẹ̀, òdodo kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́, kí ọ̀rọ̀ mi má baà di pàṣán tí olówó yóò fi na tálákà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣeé yí padà ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Asẹ́ dára, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tí ó mọ́ ni ẹ̀tọ́ ìlú, ìjọba ni ó sì jẹ wọ́n ní gbèsè rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ráútà: inú ilé ni àṣẹ oníṣọ́ọ̀bù mọ, àdírẹ́sì ìta, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta détà ni ó ń fúnni, iná, ẹlòmíràn ni ó ń pín in, okùn tí ó sì so wá mọ́ ayé, abẹ́ òkun ni ó gbà wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, okùn mẹ́rin nínú wọn, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní òkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dá wọ́ọ́wọ́ọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn báńkì ní Nàìjíríà kò sì lè ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní Ìdèrè lè tẹ̀ lórí ráútà rẹ̀ tí yóò so okùn abẹ́ òkun. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń mọ ẹni tí ilé rẹ̀ tò, nítorí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì lè bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, kámẹ́rà rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìwé ìṣirò tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà kan sì ṣeé ṣí lórí ìkejì; ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò nílò òkun. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó yẹ kí a pín ohun tí ó bá wa sí. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa, kí a dìde ṣe é. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́, kí a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní gbangba, kí a má ṣe tan ara wa pé Ọlọ́run ni ó mú iná lọ. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀dá kankan, irú bí ọjọ́ ikú, kí a fi í sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá. Ẹni tí ó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ṣọ̀kan yóò máa gbàdúrà níbi tí ó yẹ kí ó ti ṣiṣẹ́, yóò sì máa bínú sí Ọlọ́run níbi tí ó yẹ kí ó ti mú ìjọba lẹ́jọ́.

Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ ara ẹni nìkan ni pé ilẹ̀kùn tí èmi kò tì lè pa aládùúgbò mi. Ní ọdún 2016, ètò búburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ayé, ó ń kan ilẹ̀kùn ráútà àti kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi sí wọn dán wọn wò. Bí 60 irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kó sórí, ó sì tó o. Kò jálẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Èyí tí onílé kò tì ni ó ń wọ̀, bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, wọ́n kó ogunlọ́gọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n fi kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, èyí tí ń tọ́ka àdírẹ́sì àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi lè dé orí Twitter àti Netflix fún wákàtí púpọ̀. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn jagun kò mọ̀ pé àwọn wà lójú ogun. Wọ́n sùn, ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ ibi. Ǹjẹ́ wọn kò jẹ̀bi? Àwa Yorùbá ní olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́. Bí tàlùbọ̀ bá sì ti ojú tìrẹ fò sí ti ẹlòmíràn, àìmọ̀ nìkan kò tó àwíjàre. Oníṣọ́ọ̀bù tí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi gbogbo àlejò tí ó wọlé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú ìwé ìṣirò rẹ̀, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ ní gbangba. Òfin ààbò détà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ti sọ ọ́ di ojúṣe níwájú ìjọba. Ṣùgbọ́n kí òfin náà tó dé ni a ti mọ̀ pé ohun ìpamọ́ ẹlòmíràn, ẹrù ẹ̀rí-ọkàn ni. A lè ṣe àlejò tọkàntọkàn kí a má sì mú un wọ ìyẹ̀wù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ ráútà fi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀ fún àlejò.

Àwọn ẹ̀sìn tí ó wà láàárín wa kò sì tako èyí. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Nehemáyà nínú Bíbélì yóò rántí pé nígbà tí àwọn ọ̀tá ń halẹ̀ mọ́ odi Jerúsálẹ́mù, ó gbàdúrà, ó sì fi olùṣọ́ sídìí odi náà tọ̀sán-tòru, kò sì rò pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú mọ ìtàn ẹni tí ó bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbọ́kàn lé Ọlọ́run. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó, kí ó sì gbọ́kàn lé Ọlọ́run. Bí a bá gbé èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Afùwàpẹ́, ẹnu mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ kan ni: ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára ọwọ́ pin, kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Ìdájọ́ mi nìyí. Àyànmọ́ wà, n kò sẹ́ ẹ. Ẹni tí kò bá gbà pé ohun kan ju òun lọ yóò fi ìgbéraga ba ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n kékeré ni ó wà nínú ohun tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ohun tí ẹlòmíràn tò sílẹ̀ fún àǹfààní tirẹ̀, tí àwa kò sì yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdèrè, ní Igbó-Ọrà, àti níbikíbi tí Yorùbá bá ń tajà sí, ẹ yí ráútà yín dojú dé, ẹ ka ohun tí a tẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wọlé. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ pe ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹ jókòó tì í kí ó má baà jẹ́ pé òun náà ni ẹ ó tún máa bá nílẹ̀ lọ́la. Ẹ so àyè mọ́ ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ ṣípò, ẹ ya ti àlejò sọ́tọ̀, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ yàn fún yín yẹn, ẹ pa á rẹ́ lálẹ́ òní, kí ẹ sì yan tiyín.